Ojú l'Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí, Amí Tiyín Ń Sùn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láti alẹ́ Sátidé ni inú ti ń bí mi sí yín. Àwa mẹ́rin la jọ ń ta Civilization VI, eré kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń kọ́ ìjọba, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A ti fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ju gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lọ, rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù ká fi borí. Àfi bí amí ọ̀tá ṣe wọlé, tó ṣe Disrupt Rocketry, iṣẹ́ amí tó ń ba ètò rọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́, tí Spaceport wa, ibi tá a ti ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì, bà jẹ́. Mo ní àwọn amí tiwa ńkọ́? Méjì ń jókòó lásán ní olú ìlú, ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ ọ̀tá.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú alákàn yọ síta, kó lè rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Àwa náà rí ojú gbà: bí èèyàn bá ti dé Diplomatic Service, ọ̀kan nínú àwọn ìpele ìdàgbàsókè nínú eré, eré á gbà kó dá amí àkọ́kọ́ sílẹ̀. Kí lẹ wá ń fi í ṣe?

Amí tí kò tíì mọ ẹnikẹ́ni nílùú ọ̀tá, ẹ ní kó lọ jí owó ní Commercial Hub, àdúgbò ìṣòwò wọn. Wọ́n mú un, ẹ ń pariwo pé eré ń ṣe màgòmágó! Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Gain Sources ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rán an, kó wá ojúlùmọ̀ níbẹ̀, kí iṣẹ́ tó kàn lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣé Mọremí sáré wọ ìlú Ìgbò, ó sáré jáde ni? Ó di aya ọba wọn kó tó mọ̀ pé èèyàn bíi tiwa ló ń fi koríko bora, ó sì gbé àṣírí náà délé.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí gan-an ló bá wa wí. Amí kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi ṣọ́ Spaceport á máa ṣọ́ àwọn àdúgbò tó yí i ká pẹ̀lú, ẹ ò fi síbẹ̀. Nínú EVE Online, eré ogun ojú òfúrufú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lóṣù kejì ọdún 2009, ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ Band of Brothers lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Goonswarm, ọ̀tá wọn. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi tú ẹgbẹ́ ńlá yẹn ká. Ogun ọdún gbọọrọ ò tú wọn ká, ẹni tó mọ ilé ló ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tá ò mọ̀ rí lẹ ń jẹ́ kó wá máa gbọ́ ètò ogun wa!

Ti ẹlẹ́wọ̀n yẹn ló dùn mí jù. Ọ̀tá gbà pé ká fi wúrà rà á padà, ẹnìkan nínú yín ní amí náà kò tó nǹkan. Amí tó ti gba oyè Agent lẹ fi tọrẹ, ẹ wá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tuntun. Ojú wo lẹ fẹ́ fi ríran? Ẹni tí kò bá lè sọ ibi tí amí rẹ̀ wà fún mi ní Sátidé tó ń bọ̀, kó má pè mí sí eré kankan mọ́.