Iná kò pa oró inú ẹ̀pà tó ti bu

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà lọ́jà àdúgbò wa. Wọ́n ń ṣa á lọ. Èyí tó yọ̀mù bọ́ sínú abọ́ ńlá. Èyí tó hunjọ, tó dúdú, tí nǹkan aláwọ̀ ewé bí ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ lára, bọ́ sínú abọ́ kékeré.

"Màá, ṣé ẹ máa da ìyẹn nù ni?"

"Kí n da owó nù? Kúlíkúlí nìyẹn. Tí iná bá ti rà á, kí ló tún kù níbẹ̀?"

Ohun tó kù níbẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ń pariwo pé ẹ̀pà ló ń fa jẹjẹrẹ. Irọ́ ni, ẹ̀pà tó gbẹ dáadáa kò jẹ̀bi. Èyí tó bu ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, òun náà la sì ń gbẹ́kẹ̀ lé iná pé yóò bá wa tún ṣe.

Lóòótọ́, iná á pa olú tín-tìn-tín tó hù lára ẹ̀pà. Oró tí olú náà ti tu sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ni iná kì í ṣe ẹ̀pa fún. Ó tó bíi 240°C sókè kó tó túká pátápátá, epo tí a fi ń dín kúlíkúlí kì í sì í sábà kọjá 190. Yíyan nínú iyanrìn máa ń dín in kù, kò lè mú un tán.

Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀pà láti Bràsíl tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán ni wọ́n fi bọ́ wọn. Ká sọ tòótọ́, kúlíkúlí kúkú ni! Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí oró yìí mú.

Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ti ẹni tó ní hepatitis B, kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀, lára tún wá burú jù, ọ̀pọ̀ ló sì ní in láìmọ̀.

Oko àti ibi tí a ti ń sá ẹ̀pà ni iṣẹ́ wà. Àwọn IITA, àjọ tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe: ọkà bàbà tí wọ́n fi irú olú kan náà kùn, àmọ́ èyí tí kì í tu oró. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko, olú yìí á sì gba ààyè mọ́ jàǹdùkú tó ń tu oró lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, kí a sá ẹ̀pà títí á fi máa dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nínú èèpo, ká ṣa á, ká sì da èyí tó bu nù.

Mo san 500 náírà lórí abọ́ kékeré yẹn, mo gbé e, ó di ààtàn. Màmá ní, "O ò bá kúkú jẹ́ kí n dà á fún adìyẹ."

Mo tún padà jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn tòlótòló.