Àjùmọ̀jókòó níbi àríyá kò sọ wá di ọ̀kan

Ohun tí akọ̀ròyìn kan kọ nínú ìwé ìròyìn yìí, pé ní Àkúrẹ́ kò sí ìyàtọ̀ láàrin olówó àti tálákà nítorí pé gbogbo wa la jọ ń lọ sí ilé ìjọsìn àti òde àríyá kan náà, kò tẹ́ mi lọ́rùn. A jọ ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí oníkálukú ń jókòó sí. Lẹ́yìn ọdún 1979, nígbà tí ìjọba Olóyè Adékúnlé Ajáṣin sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọ adájọ́ àti ọmọ alágbàṣe oko kòkó la jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan. Èmi tí ìyá mi ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, ẹnu ọmọ dókítà kan ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìdánwò JAMB, bàbá rẹ̀ ló sì bá mi san owó fọ́ọ̀mù. Lónìí, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni àwọn ọmọ Alágbàká, àdúgbò àwọn olówó, ń lọ, wọn kò sì mọ orúkọ ọmọ kankan ní Òkè-Àró, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, àfi ti ẹni tó ń bá wọn fọ aṣọ.

Ẹnì kan tó ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú mi ní aṣọ ẹbí ń so wá pọ̀. Ẹni tí kò rí owó rẹ̀ san ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò lọ síbi ìgbéyàwó ìbátan wa lọ́dún tó kọjá, nítorí pé owó aṣọ náà ju èrè oṣù méjì wọn lọ; wọ́n ní ara àwọn kò yá, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè wọn.