Ọ́síjìn 98 Kò Sọ Pé Ọ̀nà Èémí Ṣí

Wọ́n tún sọ ọ́ létí mi lọ́sẹ̀ yìí, òṣìṣẹ́ ìlera ló sì sọ ọ́: pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń há ọmọ ìka bá ṣì ń ka 98, kò séwu, kí wọ́n fún aláìsàn tí ọ̀nà èémí rẹ̀ ti há lóògùn oorun kí wọ́n sì ki rọ́bà tí yóò máa gbà mí bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ó ti sú mi. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń kà. Kò mọ bí ọ̀nà èémí ti fún tó.

Ọ̀nà èémí àgbàlagbà sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 15 sí 20. Bí jẹjẹrẹ, gẹ̀gẹ̀ tàbí àpá bá sọ ọ́ di nǹkan bíi 8, aláìsàn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Bí ó bá ku 5, èémí rẹ̀ yóò máa dún bíi fèrè bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́. Bí fífẹ̀ ihò náà bá dín sí ìdajì, agbára tí yóò fi fa èémí kọjá kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po 16 ni, ó kéré tán. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ọ́síjìn tó ń ráyè kọjá lè gbé nọ́ńbà náà dúró, pàápàá bí a bá fi ìbòmú ọ́síjìn sí i, nígbà tí káábọ̀n dàióksáìdì, afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ó mí síta, ń gbárajọ sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ti dúró ti irú wọn: nọ́ńbà dára, ṣùgbọ́n wọ́n di bẹ́ẹ̀dì mú, wọn kò lè dùbúlẹ̀, wọn kò lè sọ gbólóhùn kan parí, gbogbo iṣan ọrùn wọn ló sì ń ṣiṣẹ́. Iṣan wọ̀nyẹn ló gbé ẹ̀mí wọn ró, àwọn gan-an sì ni oògùn oorun ń tú. Bí wọ́n bá ti tú, ọ̀nà tó ṣẹ́ kù lè pa dé, rọ́bà lè má wọlé, ẹ̀rọ sì lè má lè ti afẹ́fẹ́ kọjá níbẹ̀. Ìgbà tí nọ́ńbà yóò bá fi já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí.

Wọ́n ní àwọn ti kun irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lóorun rí láìsí wàhálà. Ó ṣeé ṣe, mo sì gbà pé àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìró èémí, àwòrán CT tó ń fi inú ara hàn àti kámẹ́rà tín-ín-rín tí a gba imú wọlé ni a fi ń pinnu. Bí ó bá fún jù ní òkè ọ̀fun, aláìsàn yóò wà lójúfò, yóò máa fúnra rẹ̀ mí, a ó fi abẹ́rẹ́ pa ọrùn rẹ̀ kú kí ó má baà mọ ìrora, oníṣẹ́ abẹ yóò sì lu ọ̀nà sí ìsàlẹ̀ ibi tó fún. Bí ó bá jẹ́ pé nínú àyà ló ti fún, ọrùn tí a lù lè má ràn án lọ́wọ́ rárá, ó sì lè di dandan kí ẹ̀rọ ECMO, tó ń fi ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn òde ara, ti wà ní sẹpẹ́ kí a tó fún un ní oògùn kankan.