Ọkọ̀ Bú Gbàmù, Dàrẹ́kítọ̀ Ò Bojú Wẹ̀yìn

Ẹ bá mi kí Dàrẹ́kítọ̀ àdúgbò wa, ẹ kí i kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀sán Sátidé ni Camry onílé wa bú gbàmù. Iná ròkè, táyà kan fò kọjá òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì ń yí bírí lójú sánmà, ọ̀gá wa sì ń bọ̀ níwájú gbogbo ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, jígí dúdú lójú, ọwọ́ kan nínú àpò. Kò bojú wẹ̀yìn. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, onílé kó ìyàwó àtọmọ sínú Camry kan náà, wọ́n forí lé ṣọ́ọ̀ṣì.

Tiyín náà wà ládùúgbò yín, ẹ má purọ́ fún mi. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń gun gimbal, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n, tí ring light rẹ̀, iná roboto yẹn, tóbi ju fèrèsé yàrá rẹ̀ lọ, tó fi ìṣó kan aṣọ aláwọ̀ ewé mọ́ ògiri onílé. Òun náà ló máa ń dá èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara ẹni: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọjá, a ń ya fídíò lọ́wọ́." Èmi tí mo gbé abọ́ ẹ̀wà gbígbóná lọ́wọ́, mo dúró. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, a kì í dí ọlọ́pọlọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló ń ṣe ọrùn àwọn ọmọ yìí? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò rí Yorùbá tí nǹkan bú lẹ́yìn rẹ̀ tí kò yíjú. Kí abọ́ já lọ́wọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé kẹta, a ó yíjú. Kí ẹnìkan pe "Àlàájì!" ní Òṣòdì, gbogbo ọkùnrin tó dé fìlà ló máa yíjú, àwọn tí ò mọ ọ̀nà Mẹ́kà á tún dáhùn. Lálẹ́ tí tiransifọ́mà wa bú, ìyá arúgbó tí wọ́n ní kò lè dìde lórí ibùsùn ló kọ́kọ́ dé títì. Odidi ọkọ̀ wá gbiná lẹ́yìn Dàrẹ́kítọ̀, tòun ti epo inú ẹ̀, kò yíjú, kò ṣẹ́jú, etí ẹ̀wù rẹ̀ ò mì. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí kan náà ni aláǹgbá já lé lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń to iná rẹ̀, ariwo tó pa, a rò pé adigunjalè ti wọlé.

Kò tiẹ̀ yára kúrò nídìí iná náà. Fóònù ni wọ́n sọ fún pé kó ya àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wọ́n wá ń fi 30 hàn wá, ìrìn ìṣẹ́jú-àáyá 5 á di 20. Ìgbà tó bá fi rìn dé ẹnu géètì, panápaná ì bá ti dé, ká tiẹ̀ ní wọ́n máa ń dé.

Ní ti aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n yàn án torí pé àwọ̀ náà jìnnà sí àwọ̀ ara èèyàn. Ohunkóhun tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé ni kọ̀ǹpútà á nù dànù, kí wọ́n lè fi iná, òkun tàbí ìlú London dípò rẹ̀. Ọgbọ́n tó dáa ni. Dàrẹ́kítọ̀ wá wọ jẹ́sì Super Eagles dúró níwájú rẹ̀. Àyà lọ, ikùn lọ, ó ku orí àti ọwọ́ méjì tó ń rìn kúrò nídìí ọkọ̀ tó ń jó. Orí náà ò bojú wẹ̀yìn.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí iná rí ni? Iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀? Kì í ju òjìji rẹ̀ síwájú? Oòrùn lásán tó wà lápá ọ̀tún ló ń fún ọ ní òjìji, iná ńlá ẹ̀yìn rẹ ò fún ọ ní nǹkan kan. Ọmọdé tí òjò ti pa rí mọ̀ pé mànàmáná ń ṣáájú àrá. Ọkọ̀ tìrẹ bú ní ìparí àdúgbò, ìró rẹ̀ sì dé pẹ̀lú iná lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ọ̀hún gan-an, kì í ṣe tìrẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti fà á wálẹ̀, o sì fi CapCut, áàpù tí ẹ fi ń to fídíò, lẹ̀ ẹ́ mọ́ Camry ọlọ́mọ. Mo ti dá a mọ̀: èéfín kan wà lápá òsì rẹ̀ tó rí bí orí àgbò. Orí àgbò yẹn ló jó ọkọ̀ ní Agége, òun ló jó ilé epo ní Ìbàdàn, òun náà ló tún dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí Hubert Ogunde gbé fíìmù Aiyé jáde ní 1979, àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ lé mi wọ abẹ́ ìjókòó. Nígbà tí fíìmù kásẹ́ẹ̀tì wá gbòde, kí ni idán wọn? Wọ́n á dá kámẹ́rà dúró, babaláwo á kúrò, wọ́n á tún tan kámẹ́rà, èéfín á sọ bòò. Georges Méliès, onífíìmù kan, ti fi irú ẹ̀ mú obìnrin kan pòórá ní ilẹ̀ Faransé láti 1896. Kò le rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ti babaláwo a máa yíjú! Á ké "Yéè!", á káwọ́ lérí, fìlà rẹ̀ á bọ́. Ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń bà wá.

Mo ní tèmi nílẹ̀ pẹ̀lú àwọn onífídíò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Níbi ọjọ́ ìbí ìyá mi, ẹni tí a háyà láti ya fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Ìyá mi dìde sí jùjú, ó fẹ́ ju ẹsẹ̀ kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n jù. Bó ṣe fẹ́ jù ú báyìí, àwòrán náà ká bí ìwé, ó di ẹyẹ, ó fò lọ, òdòdó pupa wá ń rọ̀. A ò rí ẹsẹ̀ náà títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán. Owó rẹ̀ ni mo san pé, ó tún gba jọ̀lọ́ọ̀fù lọ sílé. Ìyá mi ti kú. Òdòdó kún ilé mi.

Kì í ṣe pé irinṣẹ́ ló burú. Àwọn Ikorodu Bois, àwọn ọmọ Ìkòròdú tó ń ṣe fídíò, fi wíbárò àti igi àti àwo ilé ìdáná tún fídíò ìpolówó fíìmù Extraction ṣe ní 2020, níṣojú ayé, àwọn tó ni fíìmù náà kan sáárá sí wọn. Àwọn ọmọ Kàdúná tó ń jẹ́ The Critics fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ bẹ̀rẹ̀ fíìmù tiwọn. Ẹ wo fídíò àwọn Ìkòròdú yẹn dáadáa: bí ojú òṣèré ṣe yí, bẹ́ẹ̀ ni tọmọ náà yí. Wọ́n wo nǹkan kí wọ́n tó ya á.

Dàrẹ́kítọ̀ tiwa ti ra dúróònù, kámẹ́rà tó ń fò, ní tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ni èèyàn ń gbà kó tó fò ó, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Tirẹ̀ fò níbi ìkómọ, ó tú gèlè ìyá ọmọ, ó fẹ́ ṣáwá sínú omi àdúrà.

Bátìrì rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ mi ló ń gbà á sí. Mo lọ bá a, mo ní owó epo mi dà? Ó kúnlẹ̀, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀, orúkọ yín á jáde ní ìparí fídíò, níbi tí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́."

Onígbọ̀wọ́ kẹ̀! Lítà márùn-ún ni mò ń béèrè.