Ẹni tí ò wojú yín, ṣé irọ́ ló ń pa ni?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, mẹ́sèèjì WhatsApp tẹ́ ẹ̀ ń pín kiri yẹn, pé ẹni tí ò bá wojú yín tó bá ń sọ̀rọ̀ irọ́ ló ń pa, kì í ṣòótọ́ o. Ní 2006 àwọn onímọ̀ méjì nípa ìṣesí ẹ̀dá, Bond àti DePaulo, kó ìwádìí tó lé ní 200 jọ, nínú 100 ọ̀rọ̀ bíi 54 péré làwọn èèyàn dá mọ̀ bóyá irọ́ ni àbí òótọ́, ẹni tó kàn ń méfò á gba 50! Òpùrọ́ míì gan-an mà máa ń tẹjú mọ́ èèyàn. Ọmọ Háúsá tó ń bá yín ta tòmátì, tẹ́ ẹ bi í léérè owó tó wá dojú bolẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀wọ̀ ni, àbí àwa náà kọ́ là ń sọ fọ́mọ pé kó má wojú àgbà? Tówó bá dín, ẹ ní kó ṣírò ẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ sì ka ọjà tó kù.