Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń sá sábẹ́ tábìlì

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ ọdún 4. Tí ilẹ̀kùn bá ti dún gbàmù, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí, á fọwọ́ di etí. Ó tún ti ń tọ̀ sára, bẹ́ẹ̀ ó ti fi í sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lánàá, mo ní kí ló dé? Ó ní, "Dádì ti dé." Ìyá ẹ̀ ní nítorí ọmọ lòun ṣe ń fara da bí ọkọ òun ṣe ń lu òun. Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá iléèwé àbí kí n dákẹ́?

Bàbá Ìbejì: Ẹnìkan kì í dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Tíṣà, ABD ni kẹ́ ẹ máa kọ́ wọn.

Abẹ̀kẹ́ Aláró: Ọmọ wà lábẹ́ tábìlì, ẹ ní ABD. Ó dáa o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mi ò ka gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ tó bá ń tọ̀ sílé, ẹ má fún un lómi lẹ́yìn aago 7 alẹ́.

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sán gangan ló ń tọ̀. Ní kíláàsì.

Lọ́yà Kékeré: Òfin wà! Èkó ti ṣe tiẹ̀ láti 2007, VAPP, òfin ìjọba àpapọ̀ tó de ìwà ipá sí ọmọnìkejì, dé ní 2015. Adájọ́ lè pàṣẹ kí ọkùnrin náà má sún mọ́ wọn.

Àkàndé Òwò: VAPP tó ò ń pariwo, Abuja ló mọ. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀. Tíṣà ní Ìbàdàn, ìwọ ń gbé òfin Èkó bọ̀.

Lọ́yà Kékeré: Ọ̀yọ́ náà ti ṣe tiẹ̀. Ẹ lọ kà á.

Àkàndé Òwò: Èmi lo ní kó lọ kàwé? Ọmọ àná yìí?

Lọ́yà Kékeré: Òfin ni mo ní kẹ́ ẹ kà, bàbá. Mi ò dárúkọ ìwé.

Àkàndé Òwò: Ta ni bàbá ẹ? Ṣé o tiẹ̀ ti láya?

Ìyá Olóńjẹ: Èmi ti jẹ́ ọmọ yẹn rí. Tí bàbá wa bá ti na màmá wa tán, àwa ni màmá ń kanra mọ́. Mo fọ́ ife kan báyìí, wọ́n nà mí bí ẹni na olè, ìgbà tó yá wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Mo ti pé 41. Ọkọ mi kì í gbọ́wọ́ sókè sí mi, síbẹ̀ tó bá ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ojú ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó kí i káàbọ̀.

Àkàndé Òwò: Bàbá tèmi náà na ìyá mi, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Abẹ̀kẹ́ Aláró: A ti rí i. Ẹ sì ti ń bá Lọ́yà jà láti àárọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: 😂😂 Ìyá Olóńjẹ, níbo lẹ ti ń tà gan-an?

Ìyá Olóńjẹ: Bódìjà. Mi ò tà lónìí.

Bàbá Ìbejì: MO TÚN WÍ I, Ẹ MÁ DÁ SÍ Ọ̀RỌ̀ LỌ́KỌLÁYA!!!

Lọ́yà Kékeré: Àkàndé, ẹ dá mi lóhùn, ṣé Ọ̀yọ́ lófin ni àbí kò ní?

Tíṣà Jẹ́lé-ó-sinmi: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn ńkọ́? Aago 1:30 la ń jáde, bàbá ẹ̀ ló sì ń bọ̀ wá mú un lónìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Tó bá dọ̀la ńkọ́, ìyá? Ṣé láfún máa wà?