Èsì wa lórí sítáà kan tí wọ́n fún pákó dúdú wa

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa, ẹ̀gbọ́n. A ti rí sítáà kan tẹ́ ẹ fún wa.

Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ fẹ́ rajà tẹ́ ẹ ń ka èyí, ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ ni pé igi tó ti jóná la tà fáwọn lówó gọbọi, pé ó ń kun àwọn ọmọ lọ́wọ́, pé kò tíì pọ́dún tó ti ń bó. Igi tó jóná ni lóòótọ́ o, òun gan-an là ń tà, ó wà lára sáìnbọ́ọ̀dù wa gàdàgbà. Yakisugi ni wọ́n ń pè é ní Japan, ẹ lọ sí Okayama àtàwọn erékùṣù Setouchi, ẹ máa rí i lára ilé àtijọ́ rẹpẹtẹ. Wọ́n á so pákó sugi, ìyẹn igi kédárì ti Japan, mẹ́ta pọ̀ ní onígun mẹ́ta tínú ẹ̀ á ṣófo, wọ́n á dáná sí i nídìí, iná á gba inú lọ sókè fìì, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ wọ́n á tú u, wọ́n á bu omi pa á. Èédú tó kù lójú ẹ̀ ló ń gba igi lọ́wọ́ òjò àti kòkòrò, kì í ṣe ọ̀dà rárá. Tadao Ando, ayàwòrán ilé ará Japan tó ya Minamidera, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní erékùṣù Naoshima, ní 1999, pákó yìí ló fi bo ògiri ẹ̀, àbí wọ́n lu òun náà ní jìbìtì ni?

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ dúdú. A ní èyí tí wọn ò fi búrọ́ọ̀ṣì kàn rárá, a ní èyí tí wọ́n ti gbo, a ní èyí tí wọ́n gbo tí wọ́n tún fi òróró pa. Ní 8 March, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wa fọwọ́ pa èyí àkọ́kọ́ lójú ẹ̀gbọ́n, ó na ìka dúdú sí wọn, ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí ò dáa níbi tọ́mọdé ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n ní èyí tó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ara ọ̀nì yẹn làwọn fẹ́. Ẹnu ọ̀nà gan-an ni wọ́n wá kàn án mọ́, níbi táwọn ọmọ ń gbé kẹ̀kẹ́ tì!

Dírẹ́fà wa gbé e dé ní 14 March, òjò ń rọ̀, pákó kan ò ṣẹ́, ẹ̀gbọ́n sáìn ìwé tá a kọ ọ́ sí pé wọn ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Òótọ́ ni pé èédú yẹn máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ tó bá pẹ́ lára ilé, a ò fi pa mọ́ fẹ́nì kankan, àmọ́ kì í ṣe láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ wo fọ́tò kejì tí wọ́n gbé síbẹ̀ dáadáa, ibi tó bó yẹn lọ tààrà bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, òjò wo ló ń fa ìlà? Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, rọ́bà yẹ́lò tó wà nílẹ̀ yẹn, ti ẹ̀rọ táwọn kaawọ́ọ̀ṣì fi ń fọ mọ́tò ni.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, a máa gba ti ẹnu ọ̀nà yẹn padà, a máa fi olóróró rọ́pò ẹ̀, a ò ní gba owó lé e, owó ọkọ̀ nìkan lẹ máa san. Kápẹ́ńtà wa á wá bá yín kàn án lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé tó bá wù yín, kẹ́ ẹ ṣáà ti ti ẹ̀rọ yẹn mọ́ gáréèjì kó tó dé, torí ó ti ní tóun bá fojú kan rọ́bà yẹ́lò, òun ń padà sílé ni.